Nọ́ọ̀kì Tí Kò Ní Sàlámù

Ọmọọmọ mi obìnrin, Sákínà, ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Hanwa, ní Sáríà níbí. Lọ́jọ́ kan ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó tì mí lórí ẹní níwájú ilé wa ní Dogarawa, ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ òyìnbó tó jẹ́ ìró. Ọ̀rọ̀ tó kàn lọ́la ni nọ́ọ̀kì. Ó ní òun ti wo ìwé atúmọ̀-èdè, àmọ́ òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, nítorí mẹkáníìkì ni mí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwé rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà lójú ni, èmi mọ̀ ọ́n létí. Ó bẹ̀ mí kí n sọ gbogbo rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ro iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe lè rí i kà. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń sọ fún yín yìí.

Ní Sábó tí wọ́n ti bí mi, nọ́ọ̀kì ti kúrò ní àlejò, ó ti di ọmọ ilé. Bí tíṣà bá di ìka ọwọ́ rẹ̀ tó sọ ọ́ mọ́ ọ lórí, o ti gba nọ́ọ̀kì nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá kọlu kẹ̀kẹ́ ní Kwangila, wọ́n á ní ó nọ́ọ̀kì ẹ. Ohun tí àwọn ọmọ ń yìn nígbà Kérésì tó ń mú adìyẹ àwọn ènìyàn sá kiri, nọ́kaọ́ọ̀tù ni. Bí àwọn Íbò àdúgbò wa bá fẹ́ tọrọ ìyàwó, wọ́n á kọ́kọ́ lọ kànkùn nílé àna. Wọ́n á ní nọ́ọ̀kì ni àwọn lọ ṣe. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò bá pé mọ́, a ó ní ẹ́ńjìnnì orí rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Àmọ́ èyí tí mo fi ayé mi sìn ni nọ́ọ̀kì inú ọkọ̀: kí ọkọ̀ máa lọ, kí nǹkan kan tí ojú ò rí máa kàn kó, kó, kó nínú irin, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tó fẹ́ jáde.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà ò gùn. Ará Ìlọrin ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà ní ọjà Sábó. Ó rí i pé ọjà ò gbà mí lọ́kàn, pé ibi tí ọkọ̀ bá ti bàjẹ́ ni wọ́n ti ń wá mi, ló bá fà mí lé Ọ̀gá Sálíù lọ́wọ́. Ní ti owó tí mo rí níbẹ̀, ẹ má bi mí. Ó bọ́ mi, ó bọ́ aya àti ọmọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀gá Sálíù, ọmọ Ìlọrin bíi tiwa ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ẹ̀rín sì wọ́n ní ojú rẹ̀ bí omi ṣe ń wọ́n nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Abẹ́ igi dongoyaro ńlá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, wọ́n fi páànù yí i ká, géètì páànù sì wà níwájú. Mo rò pé ọjọ́ tí mo dé ni wọ́n máa fún mi ní sípánà. Ẹ gbọ́ ìyà! Ọ̀pọ̀ oṣù ló kọjá kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó ti ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí n di ojú mi, kí n máa gbọ́.

Ọ̀gá ní igi kan. Ara dongoyaro ni wọ́n ti gé e, ó gùn tó apá ọmọdé, ọwọ́ sì ti mú kó máa dán. Bí ọkọ̀ bá dé pẹ̀lú nọ́ọ̀kì, á fi orí igi náà kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi eyín di ìdí rẹ̀ mú, á wá fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì. Á dúró bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á fẹ̀, itọ́ á máa kán. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ọkọ̀ náà ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá yọ igi kúrò lẹ́nu, á ní, "Béárìn ni," tàbí, "Písítìnì kejì ló ti fẹ̀." Wọ́n á tú u, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí.

Mo bi í léèrè rí pé kí ló dé tí kò fi etí gbọ́ bíi tàwa.

Ó ní, "Etí ń gbọ́ ohun tó ń bẹ̀rù. Eyín kì í bẹ̀rù."

Èmi náà kọ́ ọ. Bí mo bá pe béárìn ní písítìnì, Ọ̀gá á fi ìka tó di yẹn fún mi ní nọ́ọ̀kì lórí. Mo gbà á débi pé orí mi mọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Mo máa ń sunkún bí mo bá délé, ìyá mi á ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Inú máa ń bí mi sí òwe náà, nítorí kì í ṣe orí tirẹ̀ ni wọ́n ń gbá.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá kà sí ju gbogbo òfin lọ. Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kò lè máa pariwo kí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ gbọ́ ọ, ẹ́ńjìnnì á bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà irin ni à ń kàn. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, kí o fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí o fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, "Pa á, mo ń jáde." Ẹni tó wà lókè sì gbọ́dọ̀ fi iye kan náà dáhùn, kí ẹni tó wà lábẹ́ lè mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun. Bí o bá pẹ́ kí o tó dáhùn, ojú tí Ọ̀gá máa fi wò ọ́, wàá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Òfin kejì jẹ́ ti géètì. Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni tó bá kan géètì gbọ́dọ̀ kí sàlámù kí á tó dá a lóhùn. Kíkàn tí kò bá ní sàlámù, ẹ jẹ́ kó máa kàn lọ. Yorùbá ilé wa ní bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ní àlùjànnú kì í kí "Salamu alaikum." Ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé ní ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Kò sí ẹni tó rí aburú níbẹ̀. Mo gbà á gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe gbà á gbọ́, títí dìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Nígbà tí mo ń wí yìí, mo ti gba fírídọ̀mù, àmọ́ mi ò kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Etí rẹ̀ ti ń kú, ariwo irin ti jẹ ẹ́ tán. Tí o bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kí o dúró níwájú rẹ̀ kó máa wo ẹnu rẹ. Igi ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tó fi ń gbọ́ràn. Mo ti gbéyàwó, ìyàwó mi sì wà nínú oyún, oṣù rẹ̀ ti pé. Ní gbogbo ọ̀sán mo máa ń sáré lọ jẹun nílé, kí n lè wò ó. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mọ̀ bẹ́ẹ̀, Jímọ̀ tí a jọ kọ́ṣẹ́ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ bímọ.

Ìgbà ooru ni, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Malam Danladi, awakọ̀ tó ń gbé òróró ẹ̀pà, gbé ọkọ̀ táńkà rẹ̀ wá. Ọkùnrin gíga ni, kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó dúró jìnnà sí ọkọ̀ ara rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀kì kan wà nínú ọkọ̀ yìí tí àwọn mẹkáníìkì Kano ò rí. Ó ní Garba, ọmọ ọkọ̀ òun láti ọjọ́ pípẹ́, ti kú nínú àìsàn. Nígbà ayé rẹ̀, bí Danladi bá ń fi ẹ̀yìn rìn, Garba ló máa ń fi ọwọ́ gbá ara táńkì láti júwe fún un.

Danladi ní, "Wallahi, láti ọjọ́ tí a ti sin ín, bí mo bá ti ń fẹ̀yìn rìn, mò ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀."

Jímọ̀ ní, "A'udhu billahi! Ẹ gbé e kúrò níbí o."

Ọ̀gá wo ẹnu Danladi títí tó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó ní kó tan ọkọ̀, ó fi igi sí ẹ́ńjìnnì, ó mi orí. Ó fi sí jíà, ó mi orí. Ó ní kó máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ó wá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó fi igi sí ara táńkì, ó fi eyín dì í mú. Ó dúró. Ó yọ igi kúrò.

"Inú táńkì ni," ó ní. "Múfútáù, wọ ibẹ̀ lọ wò ó."

Wọ́n ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, síbẹ̀ òróró ṣì wà lára irin. Mo bọ́ bàtà mi sí ẹsẹ̀ àkàbà, bí a ṣe máa ń ṣe: bàtà nílẹ̀, ènìyàn wà lókè. Mo gba ẹnu táńkì wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi dá a sí yàrá méjì, kí òróró má baà máa rú bí ọkọ̀ bá ń sáré. Ihò tó wà lábẹ́ irin náà ò gbà ju orí ológbò lọ. Mo ti irin náà, ó sì kàn: kó. Ibi tí wọ́n jó o mọ́ ti ṣí. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, "Garba, mo ti rí ọ." Mo fi àkísà àti èèkàn igi há a pinpin kó má lè mì mọ́ títí jórinjórin á fi dé. Mo tì í, kò mì. Mo tún fi èjìká tì í, kò mì.

Ibi tí mo ti ń yípadà láti jáde ni ẹnu táńkì ti ṣú mọ́ mi lórí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níta, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́. Afẹ́fẹ́ kan dìde lójijì, èyí tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́kọ́ ní Sáríà, tó ń gbé erùpẹ̀ pupa. Ó gbé bàtà mi lọ sábẹ́ òkú ọkọ̀ kan. Ẹni tó ni òróró ti kìlọ̀ fún Danladi pé erùpẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ táńkì. Danladi sáré wá, kò rí bàtà lẹ́sẹ̀ àkàbà, ó gun òkè, ó fi ìdérí dé ẹnu táńkì, ó dè é mọ́lẹ̀. Ó rò pé mo ti lọ wo ìyàwó mi. Ọ̀gá ti lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Mo pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo pariwo, ohùn tó padà wá bá mi kì í ṣe tèmi. Inú irin yẹn yí i po, ó sọ ọ́ di igbe bíi ti màlúù tí wọ́n fẹ́ pa. Ẹ̀rù ohùn ara mi bà mí. Mo fẹ́ gun òkè, òróró fà mí sílẹ̀. Gbogbo ara irin ti ń gbóná, afẹ́fẹ́ sì ń tán. Mo mú òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án.

Mo gbọ́ wọn. Ìyẹn ló burú jù. Irin ń gbé ohùn wọn wọlé fún mi ketekete, ó sì ń ba tèmi jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Jímọ̀ ní, "Ẹ gbọ́! Kí ló ń kàn yẹn?"

Danladi pariwo ní Hausa, "Wane ne?" Ta nìyẹn?

Mo ní, "Èmi ni! Múfútáù ni!" Màlúù yẹn tún ké.

Jímọ̀ ní, "Kò kí. Ẹ ò rí i pé kò kí sàlámù?"

Danladi ní, "Babu kowa a ciki. Kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀. Ni da hannuna na rufe, ọwọ́ ara mi ni mo fi dé e."

Mo ń kàn, wọ́n ń sẹ́yìn; mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ayatul Kursiyyu sókè. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo bá a kà á. Mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́nu mi, wọ́n á mọ̀ pé mùsùlùmí ni mo jẹ́. Àṣé bí Kùránì ṣe ń jáde láti inú táńkì òfìfo lóhùn màlúù, ìyẹn gan-an ló lé wọn jáde ní géètì. Mo gbọ́ tí géètì páànù pa dé. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, mo ti bẹ̀rù rí, àmọ́ mi ò tíì rí kí àwọn ará mi máa bẹ̀rù mi. Èmi ni wọ́n ń sá fún. Mo jókòó sínú òróró, mo fi ẹ̀yìn ti irin tó dá yàrá méjèèjì sí, mo pa tọ́ọ̀ṣì. Mo rò ó pé bóyá ìyàwó mi ti ń rọbí. Mo rò ó pé ọmọ náà ò ní mọ̀ mí, wọ́n á kàn máa sọ fún un pé bàbá rẹ̀ lọ jẹun, kò padà. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò sì wá a mọ́. Ojú mi ń wúwo.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn irin, láti yàrá kejì.

Kó. Kó. Kó.

Ó rọra kàn án ni, ó fi àyè sí i, bí ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Mo gbọ́ ọ ní egungun ẹ̀yìn mi. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí Ọ̀gá Sálíù bá ti fi nọ́ọ̀kì tọ́, bó bá gbọ́ mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ á dáhùn kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Mo fọwọ́ wá òòlù nínú òróró, mo rí i, mo fi mẹ́ta dáhùn. Mo dúró. Mo tún fi mẹ́ta kàn án.

Ní àkókò yẹn, Ọ̀gá ti dé láti mọ́ṣáláṣí. Ó bá wọn níta géètì. Jímọ̀ ń fi ọwọ́ àti ẹnu ṣàlàyé fún un pé nǹkan ń kàn láìkí, kó má wọlé. Ọ̀gá ò gbọ́ kíkàn kankan, adití ni. Ó ṣí géètì, ojú rẹ̀ sì lọ sábẹ́ òkú ọkọ̀ yẹn.

Ó ní, "Bàtà ta nìyẹn?"

Jímọ̀ ní, "Ti Múfú ni, sà. Ó lọ jẹun."

Ọ̀gá ní, "Láìwọ bàtà?"

Ó kọjá láàárín wọn, ó fi igi kan ara táńkì, ó fi eyín dì í mú, ó di etí méjèèjì. Wọ́n ní ó dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó mú sípánà lápò, ó kan táńkì náà, mẹ́ta. Mo gbọ́ ọ. Tìyẹn wá láti ìta, ó dún gan-an, mo sì bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́.

Wọ́n fi okùn fà mí jáde. Danladi dojú bolẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pè mí ní ọmọ ìyá rẹ̀. Jímọ̀ ò lè wò mí lójú. Ọ̀gá fi omi wẹ̀ mí lórí fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo mí dáadáa, ó bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́ tí mo tún bẹ̀rẹ̀, nítorí nígbà tí ó kọ́kọ́ fi igi sí i, kò gbọ́ nǹkan kan. Díẹ̀ ló kù kó yọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kàn án, sà. Mẹ́ta."

Ó ní, "Lẹ́yìn tí mo gbọ́ tìrẹ ni mo kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fi mẹ́ta dáhùn."

Mo sọ fún un pé ẹ̀yìn irin ni mo ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó rán Jímọ̀ wọlé pẹ̀lú okùn nídìí. Àkísà àti èèkàn tí mo fi há irin yẹn wà níbi tí mo fi wọ́n sí, pinpin. Ó tan tọ́ọ̀ṣì gba ihò abẹ́ irin náà, yàrá kejì ṣófo. Ọ̀gá tún fi igi sí ẹ̀gbẹ́ yàrá yẹn, ó fi eyín dì í mú, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Nígbà tó yọ ọ́, ó fi aṣọ nu ìdí igi náà dáadáa. Ó ní kí Danladi lọ ṣe sàráà fún Garba kí ọjọ́ náà tó parí. Mo bi í pé kí ló gbọ́. Ó fi igi náà há abíyá, mi ò sì bi í mọ́, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó pe gbogbo wa sábẹ́ igi. Ó ní òfin géètì ti kú. "Ohun yòówù tó bá kàn, ẹ dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ ènìyàn, ẹ ti gbà á là. Bó bá jẹ́ àlùjànnú, ó ti gbọ́ sàlámù." Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyàwó mi bí bàbá Sákínà.

Jórinjórin tún irin náà jó. Danladi ní òun ò gbọ́ ọwọ́ Garba mọ́ láti ọjọ́ náà. Inú rẹ̀ ò dùn bí mo ṣe rò. Ó ní fífẹ̀yìn rìn ti wá dákẹ́ jù.

Iṣẹ́ yí padà lójú mi. A kó kúrò ní Sábó wá sí Dogarawa, èmi náà di ọ̀gá, mo tọ́ àwọn ọmọṣẹ́, mo sì fún wọn ní nọ́ọ̀kì lórí, àmọ́ tèmi ò le tó ti Ọ̀gá. Àwọn ọkọ̀ tuntun dé tí kì í pariwo. Àwọn ọmọ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ sítíárì, tó ń kọ àrùn ọkọ̀ síta. Wọ́n fi nǹkan kékeré kan hàn mí lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ́tí sí nọ́ọ̀kì kí ènìyàn tó gbọ́ ọ. Mo gbé e sọ́wọ́ títí. Mo ní, Ọ̀gá Sálíù nìyí, wọ́n ti rọ ọ́ kéré. Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí, ẹ kọ́ ẹ̀rọ náà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gba etí yín lọ tán.

Ọ̀gá dàgbà gan-an. Etí kú pátápátá, àìsàn wá rọ apá kan ara rẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì onírin nínú yàrá rẹ̀ ní Sábó. Mo máa ń lọ jókòó tì í lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ìka ọwọ́ kan ṣì ń ṣiṣẹ́, òun ló fi ń kan irin bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀kan, kí n gbé e sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ń fi òrùka mi dá a lóhùn, òun ń gbọ́ ọ nínú egungun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń tàkúrọ̀sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta.

Mi ò dáhùn. Mo mọ ohun tó ń wí, ọkàn mi sì kọ̀ ọ́. Bí mo bá fi mẹ́ta dáhùn, mo ti gbà nìyẹn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì dúró," bí ẹni pé ó lè gbọ́. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún kàn án, mẹ́ta, ó sì gbé ojú lé mi. Ojú yẹn náà ni, èyí tó fi ń wo ọmọṣẹ́ tó bá pẹ́ kó tó dáhùn. Mo di ọmọdé pátápátá. Mo fi òrùka kan irin náà: kó, kó, kó. Ojú rẹ̀ rọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, ó ti jáde.

Igi ẹnu rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ibi tí eyín rẹ̀ ti jẹ ẹ́ wà níbẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá a dán.

Ibi tí mo bá Sákínà sọ ọ́ dé nìyẹn, tí òun ń kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí nǹkan kan kan géètì wa. Oòrùn ṣì wà lókè, ojú pópó sì dákẹ́ rọ́rọ́. A ò gbọ́ sàlámù. Sákínà dìde, ó yọjú láti ojú ihò géètì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára kọ́kọ́rọ́. Hausa ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu bí àyà rẹ̀ bá já.

Ó ní, "Baba, babu kowa." Kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

Mo ní, "Kí i, kí o sì ṣí i. Èmi náà ti jẹ́ babu kowa rí, babu kowa ló sì dá mi lóhùn."